Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Wa Oníkáàdì ní Houston

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn tó pé ojú gbogbo ayé ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fà á. Bí a bá pè yín lórí fóònù, kí a tó béèrè àlàáfíà ilé tán, ẹ ti gbé káàdì sí ojú kámẹ́rà: "Wo igun rẹ̀! Wo bó ṣe mú!" Ìyá wa ní Ìbàdàn tilẹ̀ bi mí bóyá káàdì ìdìbò ni ẹ ń kó jọ, nítorí àwọn tó ń kó irú ìyẹn jọ níbí, ọlọ́pàá ń wá wọn.

Kí àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí yín díẹ̀. Ẹ kò ra ilẹ̀ sí Akóbọ̀, ẹ kò ra mọ́tò akérò. Káàdì eré ìdárayá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ kó owó lé: páálí pẹlẹbẹ, ínǹṣì méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀, àwòrán eléré níwájú, iye àmì tó gbà lẹ́yìn. Káàdì wà nínú ike líle, ike wà nínú àpótí irin, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà níbi tí ìyàwó yín kò mọ̀. Nígbà tí ìyàwó yín ní àwọn fẹ́ fi àyè àpótí náà kó ìkòkò sí, ṣebí ìpàdé ìdílé ni a fi parí rẹ̀?

N kò ní fi owó rẹ̀ ṣe yín ní yẹ̀yẹ́, torí owó ọ̀hún ti kúrò ní ti yẹ̀yẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, wọ́n lu káàdì Mickey Mantle, gbajúmọ̀ eléré baseball ti ẹgbẹ́ New York Yankees, ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Ọdún 1952 ni ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, káàdì kan tí Michael Jordan àti Kobe Bryant, àwọn gbajúmọ̀ eléré basketball, jọ buwọ́ lù gba mílíọ̀nù 12.9, ó sì fi ti Mantle sẹ́yìn. Ìtàn ti Mantle ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ra káàdì 1952 mọ́, Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps tó ṣètò rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó èyí tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1960, ó sì lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ohun tí wọ́n kó dànù fún ẹja ni àwọn àgbàlagbà ń fi owó ilé àti ọ̀nà wá kiri lónìí. Ẹnu mi kò gbà á láti bá yín jiyàn lórí iye owó.

Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹ̀rọ onílàákàyè (AI) àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, àpótí irin yẹn kò sì lè dá wọn dúró. Ẹ rò pé páálí lẹ ń rà. Ẹ̀rí lẹ ń rà, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá san ẹgbẹ̀rún dọ́là lórí páálí tí owó bébà àti yíǹkì rẹ̀ kò pé sẹ́ǹtì mẹ́wàá, èyí tó ṣẹ́ kù nínú owó náà, ẹ san án fún ẹni tó búra fún yín pé ọdún báyìí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, pé ẹnikẹ́ni kò fi abẹ́ kàn án, pé eléré yìí ló buwọ́ lù ú. Ìbúra yẹn ni ẹ̀rọ fẹ́ sọ di ohun tí kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí tí ẹ fẹ́ràn jù lọ sílẹ̀ kí a wò ó: Olajuwon yín. Káàdì tí ilé-iṣẹ́ Fleer ṣe ní 1986 ni, nọ́ńbà 82 nínú 132. Pupa, funfun àti búlúù ló yí i ká. Ọmọ Èkó wà níbẹ̀ nínú aṣọ Houston Rockets, ẹgbẹ́ basketball tó mú un ṣáájú gbogbo èèyàn ní 1984, nígbà tí Michael Jordan ṣe ipò kẹta. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni "Akeem", torí ó di 1991 kí ó tó fi H síwájú orúkọ rẹ̀. Mo ti rí i tí ẹ̀rọ tó mọ̀ọ́kà jù yóò bá yín tún un ṣe. Bí ẹ bá rí "Hakeem" lórí Fleer 1986, ẹ tètè bọ́ sẹ́yìn.

Kí ló jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé tiyín kì í ṣe èyí tí ẹnì kan tẹ̀ lánàá? Ẹ ti kọ́ mi: ẹ ó gbé awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá lé ojú. Nínú àwòrán, ẹ ó rí àmì tóótòòtó oríṣiríṣi àwọ̀ tí wọ́n tò bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n nílé ìtẹ̀wé ayé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà dúdú, yíǹkì gidi ló gbọ́dọ̀ dì síbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí tóótòòtó. Ẹni tó bá ya àwòrán káàdì tó sì tún un tẹ̀, lẹ́tà dúdú rẹ̀ náà yóò di tóótòòtó, àṣírí yóò sì tú. Bí káàdì bá dàgbà ju ìyẹn lọ, tó jẹ́ ti ìgbà tí wọn kò tíì jagun Hitler, ẹ ó tan iná ultraviolet sí i, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì fi ń yẹ owó wò. Bébà àtijọ́ yóò dákẹ́. Bébà òde òní tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ kí ó lè funfun yóò máa tàn yòò.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ọgbọ́n yẹn dúró lé: pé ọ̀lẹ ni ayédèrú. Ẹni tó ń ṣe é kò ní bébà tó yẹ, kò ní ẹ̀rọ tó yẹ, kò sì ní sùúrù. Ẹ̀rọ onílàákàyè, AI tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́ ní tirẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ níwèé. Àwọn ilé gbàǹjo àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fún káàdì ní máàkì ti gbé àwòrán káàdì tó mọ́ gaara sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iwájú àti ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí oníbàárà lè fọkàn balẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lẹ kọ́ yẹn fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ojúlówó ṣe rí. Nọ́ńbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ máàkì yìí ń kọ sára ike tí wọ́n fi ń bo káàdì kò sì lè gbà yín, torí àwọn gbájúẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: wọ́n á da nọ́ńbà káàdì gidi kọ sára ike fèèkì, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, fóònù yóò ní òótọ́ ni.

Níbẹ̀rẹ̀ 2025, ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ará ilé yín, àwọn tó ń kó káàdì eré Pokémon jọ. Àwọn káàdì kan wà níta tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àdánwò, pé nǹkan bí 1996 ni wọ́n tẹ̀ wọ́n kí eré náà tó jáde. Ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò ti fọwọ́ sí wọn, wọ́n sì ti fi ike bò wọ́n. Ni àwọn olùkójọ kan bá wò wọ́n fínnífínní, wọ́n rí àmì ìyeyè wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kì í rí, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ máa ń fi sára bébà láti sọ ọjọ́ tí ó tẹ nǹkan. Nígbà tí wọ́n ka àmì náà lára àwọn kan nínú wọn, 2024 ló jáde. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ́rìn-ín pẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló tú àṣírí ara rẹ̀, èèyàn tó gba owó àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá tún fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́la ti mọ ohun tó yẹ kí ó pa rẹ́.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín kí ẹ tó fọhùn. Ẹ ó ní bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ayédèrú, ẹ̀rọ náà ni yóò mú un. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 2021, káàdì tí ẹ̀yin aráyé kó lọ fún PSA, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fún káàdì ní máàkì, pọ̀ débi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn fúngbà díẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ tó ni PSA ra Genamint, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ojú káàdì wò. Kọ̀ǹpútà lè mọ̀ bóyá káàdì tí ẹ mú wá lónìí ti gba ibẹ̀ kọjá rí, kí ẹnì kan tó fi abẹ́ gé etí rẹ̀. Ìyẹn dára, n kò bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ẹ fi ń pe ara yín ní ọlọ́rọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, káàdì Jordan ti Fleer 1986 tó gba máàkì 10 nínú 10 tà ní 738,000 dọ́là. Èyí tó gba 9 kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Kí ló wà láàárín 9 àti 10? Igun kan tí ó kú fín-ínfín, tàbí àwòrán tó sún sí apá òsì ní ìwọ̀n tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé awò lé ojú kò ní rí. Bí ẹ̀rọ bá wá dé tó ń wọn gbogbo rẹ̀ láìfi ojú rere wo ẹnikẹ́ni, mélòó nínú 10 yín ni yóò ṣì jẹ́ 10? Àbí ẹ ó lọ bẹ kọ̀ǹpútà pé kó ṣàánú yín nítorí Ọlọ́run? Kí ọdún 2021 tó parí, owó Jordan ọ̀hún ti já wálẹ̀ jìnnà, ẹ̀rọ kò sì tíì fọwọ́ kàn án.

N kò sọ pé èèyàn sàn jù o. Káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1991 ni Honus Wagner, ti àwọn oníṣìgá American Tobacco, irú èyí tí wọ́n pè ní T206, tó jáde láàárín 1909 sí 1911. Wayne Gretzky, ọ̀gá eléré họ́kì orí yìnyín, àti ẹnìkejì rẹ̀ ló ra á ní 451,000 dọ́là lọ́dún yẹn. PSA fún un ní 8. Gbogbo yín wólẹ̀ fún un. Ní 2013, Bill Mastro, ògbóǹtarìgì onígbàǹjo tó ti ni ín rí, jẹ́wọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ pé òun ti gé etí káàdì náà. Káàdì tí gbogbo yín gbójú lé bẹ́ẹ̀, abẹ́ ti kàn án kí ó tó wọ inú ike. Ohun tí ẹ̀rọ ń bọ̀ wá ṣe, ọmọ aráyé ti fi ọwọ́ ṣe é ṣáájú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Mastro jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n sì rí i mú. Ẹ̀rọ lè ṣe ẹgbẹ̀rún lóru kan, kí sì ni adájọ́ yóò fi dè é?

Gbogbo èyí kò tíì dùn mí tó ti páàkì, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di káàdì tuntun tà. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé adùn eré yìí wà nínú kí èèyàn ya páàkì láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ máa ń gbé páàkì lé òṣùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, torí káàdì tí wọ́n lẹ aṣọ eléré mọ́ máa ń nípọn, ó sì máa ń wúwo. Àwọn tó ń ṣe káàdì fi páálí òfìfo kún inú páàkì láti tan wọ́n jẹ. Ogun kékeré nìyẹn. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi han gbogbo ayé pé ẹ̀rọ CT, irú èyí tí wọ́n fi ń wo inú orí aláìsàn ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, lè wo inú páàkì Pokémon tí a kò tíì ṣí, kó sì sọ èyí tó wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí lọ́jà Bódìjà nígbà àgbàdo. Ẹni tó kọ́kọ́ dé yóò bó etí gbogbo àgbàdo wò, yóò ṣa èyí tó yọmọ dáadáa, yóò sì bo ìyókù padà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó dé lọ́sàn-án yóò san iye kan náà fún kùùkù. Bí ẹ̀rọ CT bá rọ̀ lówó, tó dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, kùùkù ni àwọn ọmọdé yóò máa rà, ọ̀rá rẹ̀ yóò sì máa dán.

Mo ní ẹni kan lọ́kàn tí mo fi ń sọ èyí. Ọmọ ọdún 11 kan wà ní agbègbè Los Angeles tó ya páàkì Topps nígbà Kérésìmesì 2024. Káàdì Paul Skenes ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyẹn ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ baseball Pittsburgh Pirates. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, ó buwọ́ lù ú, wọ́n sì lẹ aṣọ kékeré tó wà lápá rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ Pirates ti ní àwọn yóò fún ẹni tó bá rí i ní tíkẹ́ẹ̀tì 30 ọdún bó bá lè kó o wá. Ìdílé ọmọ náà kò gbà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n lù ú ní gbàǹjo, ó sì kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ wá sọ fún mi: ká ní ẹnì kan ti gbé páàkì yẹn gba abẹ́ CT kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ṣé yóò dé ọwọ́ ọmọ yẹn láéláé?

Mo mọ̀ pé ẹ ó tètè dá mi lóhùn pẹ̀lú ti Logan Paul, ọmọ YouTube tó san mílíọ̀nù 3.5 dọ́là fún àpótí Pokémon tí wọ́n ti bá a yẹ̀ wò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ó ṣí i ní Chicago, káàdì G.I. Joe ló kún ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e gba abẹ́ CT kí ó tó sanwó, ì bá ti gba owó rẹ̀ là. N kò jà yín níyàn. Ẹ̀rọ kan náà tó lè gba ẹni tó ní mílíọ̀nù mẹ́ta là ni yóò gba ti ọmọ tó ní dọ́là mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, nínú àwọn méjèèjì?

Àwọn kan ní ká ju páálí nù, ká máa kó fídíò jọ. Ẹ rántí NBA Top Shot, ibi tí wọ́n ti ń ta fídíò eré basketball lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó gòkè ní 2020, tí fídíò kan tí LeBron James ti sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n tà ní 208,000 dọ́là ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ẹ̀yin náà pè mí lóru ọjọ́ kan pé kí n wá dá owó jọ pẹ̀lú yín. Mo ní n kò ní dátà. Owó ibẹ̀ já lulẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ kò sì tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí di òní.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ẹ wo ohun tó jẹ́ kí káàdì Skenes yẹn wọ́n. Aṣọ yẹn, wọ́n mọ ọjọ́ tó wọ̀ ọ́ àti pápá tó ti wọ̀ ọ́, wọ́n sì gbà á lára ẹ̀wù rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀. Ẹ fi wé ọ̀pọ̀ káàdì aláṣọ tó wà nínú àpótí yín. Ẹ yí wọn padà, kí ẹ ka lẹ́tà kéékèèké ẹ̀yìn wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ fún yín kedere pé aṣọ tó wà níbẹ̀ kò ti inú eré kankan pàtó wá. Ẹ̀yin ẹ ń fi ìbọ̀wọ́ gbé e. Aṣọ ìnujú ilé yín ní ìtàn jù ú lọ.

Ẹ̀rọ lè da yíǹkì kọ, ó lè da bébà àti ìbuwọ́lùwé kọ. Ohun tí yóò ṣòro fún un láti dà kọ ni ọwọ́ tí káàdì ti gbà kọjá, bí àwọn ọwọ́ náà bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kan, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ fún káàdì kọ̀ọ̀kan: ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ti rà á, ọjọ́ wo, èló, níbo ni ẹni yẹn ti rí i. Ẹ fi rísíìtì sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ buwọ́ lù ú. Ní ọjọ́ tí ojú àti ẹ̀rọ kò bá mọ ìyàtọ̀ mọ́, ìwé yẹn ni àwọn ọmọ yín yóò gbé jáde. Ẹ má sì ra nọ́ńbà tó wà lára ike, ẹ ra eléré tí ẹ rí tó gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ ra páàkì tuntun fún àwọn ọmọ, kí wọ́n fi eyín ya á, kí wọ́n fi ọwọ́ tó ní epo dòdò mú káàdì. Kò ní gba 10 mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ àpótí han ìyàwó yín, torí ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò kó o dànù pẹ̀lú pàǹtírí bí ẹ bá rìnrìn-àjò.

Ìdájọ́ mi nìyí, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó tún pè mí lóru: káàdì tí ẹ kò lè fẹ́ràn mọ́ bí owó rẹ̀ bá di kọ́bọ̀ kan lọ́la, ẹ tà á lónìí. Olajuwon yín, ẹ má tà á. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ra àwọn yòókù ní owó gọbọi, ẹ rántí pé òrùlé ìyá wa ní Ìbàdàn ṣì ń jò.

Èmi ni àbúrò yín tí kò ní káàdì kankan àyàfi ti báǹkì.